Táǹkì Ẹja Tó Ń Jò Nínú Ilé: Ibi Tí Omi Ti Ń Wá, Bí A Ṣe Ń Dí I, àti Bí Ilé Ṣe Ń Gbẹ

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sin ẹja sínú gíláàsì ní pálọ̀ ní Ìkòròdú, bí wọ́n bá ti rí omi lábẹ́ táǹkì, ọjà Sábó ni wọ́n ń sáré lọ láti ra silicone, gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí a fi ń lẹ gíláàsì pọ̀. Wọ́n á fi pa ìta gíláàsì náà yíká. Kò ní pẹ́, omi á tún yọ. Silicone náà kò burú. Omi tó wà nílẹ̀ lè má ti ara gíláàsì wá rárá, bó bá sì ti ara gíláàsì wá, a kì í dí i láti ìta. Ohun kan tún wà tó ń ná èèyàn lówó ju èyí lọ: omi tí a fi mọ́ọ̀pù nù kọ́ ló ń ba ilé jẹ́, èyí tó ti wọ abẹ́ táìsì, inú pákó àti inú dẹ́kìn ni.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pa

Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó tutù, ẹ wo ibi tí extension wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, abẹ́ táǹkì gan-an ló máa ń wà, nílẹ̀, tí pọ́ǹpù, fílítà àti gílóòbù sì so mọ́ ọn. Ẹ má fi ọwọ́ yọ ọ́, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tì í. Ẹ lọ pa bíréékà tó ń gbé iná lọ sí pálọ̀. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ pa gbogbo ilé. Nísinsìnyí tí ínfátà àti sólà ti wọ ilé púpọ̀, pípa iná NEPA nìkan kò tó. Ojú ẹsẹ̀ ni ínfátà yóò gbà á, ihò iná tó wà lára ògiri yóò sì tún ní iná bíi pé ẹ kò pa ohunkóhun. Ẹ pa ínfátà náà, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú omi lẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó dé ìdí bíréékà, ẹ má gbà á. Ẹ jáde, kí ẹ pa iná láti ìdí mítà bí mítà bá wà níta, tàbí kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Lẹ́yìn iná, omi. Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó fẹ̀ ní 45, tó ga ní 45, èyí tí àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ń gba omi tó tó lítà 182. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ fi ìwúwo gíláàsì àti yangí, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kún un, ó ti lé ní kílò 200. Kò sí ẹni tó máa gbé e, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tì í, torí títì tí a bá ti táǹkì tó lómi nínú ni ojú ìsopọ̀ rẹ̀ fi ń ya. Omi inú rẹ̀ la ó dín kù. Ẹ mú họ́ọ̀sì, kí ẹ rì í bọ inú táǹkì títí atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fi jáde tán. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu kan, ẹ fà á jáde sínú báàkẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀, kí ẹ wá mú àtàǹpàkò kúrò. Omi á máa dà fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí báàkẹ́ẹ̀tì bá rẹlẹ̀ ju táǹkì lọ. Ẹ má fi ẹnu fà á. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú omi ẹja.

Omi tó kọ́kọ́ jáde yẹn ni kí ẹ fi pamọ́ fún àwọn ẹja. Báàkẹ́ẹ̀tì tí a kò fi ọṣẹ fọ aṣọ nínú rẹ̀ rí ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì bu omi kọjá ìdajì rẹ̀ lọ títí, nítorí ojú omi tó fẹ̀ ni ẹja fi ń rí atẹ́gùn mí, kì í ṣe ìjìn rẹ̀. Ẹ dé e, ẹja ń fò. Fún ẹja ńlá bíi oscar, kúlà tí a fi ń kó ohun mímu lọ síbi òde dára ju báàkẹ́ẹ̀tì lọ. Pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì kan kò gbọ́dọ̀ wọ́n nílé ẹni tó ń sin ẹja. Fóòmù inú fílítà kò gbọ́dọ̀ gbẹ o. Ẹ sọ ọ́ sínú omi táǹkì kan náà, torí inú rẹ̀ ni àwọn bakitéríà tó ń pa oró ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja ń gbé. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kú, táǹkì á tún ṣe tán, oró yẹn, tí a ń pè ní amóníà, á sì pa àwọn ẹja tí ẹ ti gbà là. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi wọn lójoojúmọ́. Bí omi bọ́họ̀ọ̀lù yín bá máa ń pọ́n lẹ́yìn tó bá ti dúró díẹ̀, irin ló wà nínú rẹ̀: ẹ fà á sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ fi pọ́ǹpù atẹ́gùn sí i di àárọ̀, kí irin náà lè rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá rọra bu ti òkè lò.

Ṣé gíláàsì ló ń jò lóòótọ́?

Omi ń tan èèyàn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lókè lẹ́yìn táǹkì, kó tọ gíláàsì sọ̀kalẹ̀, kó rìn lórí pákó, kó wá yọ níwájú, kí gbogbo ilé máa pariwo pé ìsàlẹ̀ ti là. Bí jíjò náà bá jẹ́ ìkán díẹ̀díẹ̀, ẹ má tíì tú táǹkì palẹ̀. Ẹ nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, etí òkè, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti orí pákó tó jókòó lé. Ẹ tẹ́ tíṣù yí ìdí rẹ̀ ká. Ibi tí tíṣù bá ti kọ́kọ́ tutù ni kí ojú yín ti máa tẹ̀ lé e lọ sókè, títí tí ẹ ó fi rí ibi tó gbẹ.

Pọ́ǹpù atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá wà nílẹ̀ tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táǹkì, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lọ dé ìsàlẹ̀ omi, atẹ́gùn tó ń fẹ́ nìkan ló ń lé omi kúrò nínú rọ́bà náà. Bí NEPA bá mú iná lọ, omi lè wọnú rọ́bà padà. Bó bá fi lè kọjá etí táǹkì lẹ́ẹ̀kan, kò ní dúró mọ́: á máa ṣàn sínú pọ́ǹpù, láti ibẹ̀ sí ilẹ̀, títí omi táǹkì yóò fi rẹlẹ̀ dé ẹnu rọ́bà tó wà nínú. Ẹni tó bá sùn nígbà tí iná lọ, tó wá jí bá ilẹ̀ tó tutù, táǹkì tó ti dín, àti gíláàsì tí kò ní àbùkù kankan, èyí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Pọ́ǹpù tó ti mu omi báyìí, ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tó mú iná dé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ gbé pọ́ǹpù náà kọ́ síbi tó ga ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ gé rọ́bà náà láàárín, kí ẹ fi fáàfù kékeré tí àwọn tó ń ta ẹja ń pè ní check valve so ó padà. Ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí táǹkì. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gba apá kan, kó kọ apá kejì. Rọ́bà inú fáàfù yìí máa ń le bó bá pẹ́, torí náà ẹ máa fẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń gba apá méjèèjì. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, mi ò rí ìdí tí táǹkì kankan fi máa wà láìní in.

Fílítà tí a ń kọ́ sí etí táǹkì máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí fóòmù rẹ̀ bá dí, omi á sì gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Èyí tó dà bí ike ńlá, tí a ń gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ní òrùka rọ́bà lábẹ́ ìdérí. Irun kan tàbí yanrìn kan lórí òrùka yẹn tó láti mú un jò. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gíríìsì silicone pa á. Ẹ má lo Vaseline, torí ó ń mú oríṣi rọ́bà kan wú. Ẹ wo ìdérí táǹkì náà pẹ̀lú. Ìfóófòó tó ń bẹ́ lójú omi ń ta sí abẹ́ ìdérí, á kán sórí wáyà gílóòbù, á sì tọ wáyà náà lọ. Gbogbo wáyà tó bá jáde láti inú táǹkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ ju ihò iná lọ kó tó gòkè padà lọ sínú rẹ̀, kí omi lè kán bọ́ níbi tó tẹ̀ yẹn dípò kó wọnú iná.

Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé omi wọn ń dín, ilẹ̀ wọn sì gbẹ. Lára táǹkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí a ń sọ, sẹ̀ǹtímítà 1 tí omi bá fi lọ sílẹ̀, lítà 4 ló ti lọ. Lítà 4 kò lè fara pamọ́ lórí táìsì. Ooru àti fáànù lè máa gbé omi lọ lóòótọ́. Láti mọ̀, ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kí ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi tépù sàmì sí ojú omi wọn. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí 24. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀ bákan náà, kò sí jíjò níbẹ̀. Bí ti táǹkì bá fi ọ̀pọ̀ lọ ju ti báàkẹ́ẹ̀tì, tí ilẹ̀ kò sì tutù, ẹ tètè wo inú kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ rẹ̀, torí nǹkan kan ń mu omi náà níkọ̀kọ̀.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí ẹ kò rí nǹkan, gíláàsì ló kù. Ẹ má bu omi kún un mọ́, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí ni ẹnu ihò náà wà; ẹ fi máákà fa ìlà síbẹ̀. Bí kò bá dúró títí ó fi kan yangí, ìsàlẹ̀ ló ń jò.

Ìdí tí silicone ìta kì í fi í di omi

Inú ni omi wà, ìta ló ń tì sí. Silicone tí ẹ bá pa sí ìta, ńṣe ni omi ń tì í kúrò lára gíláàsì. Èyí tí ẹ bá pa sí inú, ńṣe ni omi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Agbára ìtì yìí kò wo bí táǹkì ṣe gùn tó, bí omi ṣe jìn tó nìkan ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ń jò jù. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ bèèrè bí gíláàsì ṣe nípọn tó kí ẹ tó sanwó. Gíláàsì fèrèsé tó jẹ́ mìlímítà 5, bí a bá fi kan táǹkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, àárín rẹ̀ á máa wú síta, á sì máa fa silicone lójoojúmọ́ títí tí yóò fi jáwọ́. Mìlímítà 8 ló yẹ irú táǹkì bẹ́ẹ̀.

Oríṣi silicone méjì ló wà lára táǹkì. Ọ̀kan wà láàárín gíláàsì méjì níbi tí wọ́n ti pàdé; òun ló di táǹkì mú. Èkejì wà ní igun inú, òun ló ń dáàbò bo ti àkọ́kọ́ kí omi má bàa kàn án. Ti igun inú yìí ni èèyàn lè tún ṣe nílé. Bí ẹ bá wo èyí tó wà láàárín gíláàsì láti ẹ̀gbẹ́, tí ẹ sì rí ojú ọ̀nà funfun tó là á láti inú dé ìta, táǹkì náà ti ń gbìyànjú láti tú nìyẹn. Kí oníṣẹ́ gíláàsì tú u palẹ̀, kó tún un so látìbẹ̀rẹ̀. Gíláàsì tó bá sán, pípààrọ̀ ni. Bí omi ṣe ń tì í ni sísán náà á máa gùn sí i, bó bá sì jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa là.

Ẹ ka ara ọ̀pá silicone náà dáadáa kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n kọ 100% silicone sí, tí wọ́n sì sọ pé ó dára fún aquarium, ìyẹn táǹkì ẹja, ni ẹ ń wá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé ìwẹ̀ àti kíṣíìnì, tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní jẹ́ kí èbu hù, ní oògùn tó ń pa èbu nínú, oògùn yẹn sì ń pa ẹja. Kí ó máa rùn bíi fínígà kò burú; òórùn yẹn á tán bó bá gbẹ tán. Gọ́ọ̀mù tó bá gbẹ tó le gbagidi kò wúlò, torí gíláàsì máa ń mì díẹ̀ bí omi bá ti kún, ohun tó bá le á sì ya kúrò lára rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù rèé: silicone tuntun kì í lẹ̀ mọ́ silicone tó ti gbẹ. Bí ẹ bá pa tuntun lé orí àtijọ́, omi á gba àárín wọn. Nítorí náà, ti igun inú ni kí ẹ gé kúrò pátápátá, ìsàlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti òró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ibi tó ń jò nìkan. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí bíléèdì dùbúlẹ̀ sára gíláàsì, kó má sì wọ àárín gíláàsì méjì. Ẹ ha ìyókù títí ìka yóò fi máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìkan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asetóònù tàbí sípíríìtì nù ún, kí ẹ sọ aṣọ yẹn nù, kí ẹ fi òmíràn nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má fi ọwọ́ kàn án mọ́. Òróró ìka nìkan tó láti má jẹ́ kó lẹ̀.

Ẹ lẹ tépù oníwèé tí àwọn akunlé ń lò sí ẹ̀gbẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ó jìnnà sí igun ní mìlímítà 8 lápá méjèèjì. Ẹ gé ẹnu ọ̀pá náà ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí ihò rẹ̀ tó mìlímítà 5. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ láìdúró láti igun kan dé èkejì, torí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni ihò máa ń kù sí. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá, ẹ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fà á dọ́gba, kí ẹ sì ṣí tépù kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Ìlà igun táǹkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yìí jẹ́ mítà 4.5 lápapọ̀; ọ̀pá kan tó jẹ́ mílílítà 300 á ṣe é, á sì ṣẹ́kù.

Sùúrù ló kù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni silicone fi ń gbẹ, láti ojú lọ sí inú, ní nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 ní wákàtí 24. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wọ Ìkòròdú ràn án lọ́wọ́ níbí. Yàrá tí AC ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló ń fà á sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ á ti le láàárín wákàtí kan, èyí ló sì ń tan àwọn tí ń kánjú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ọjọ́ méje fún táǹkì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45. Bó bá ṣì ń rùn bíi fínígà, kò tíì gbẹ. Ẹ wá gbé e sórí ilẹ̀ tó dọ́gba níta, lórí fóòmù àti ìwé ìròyìn gbígbẹ, kí ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ìwé kò bá tutù lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ bu ú dé ìdá méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ kún un, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ilé náà ńkọ́?

Táìsì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Sìmẹ́ǹtì funfun tó wà láàárín wọn ló ń mu ún, ó sì ń gbé e lọ sínú sìmẹ́ǹtì abẹ́ táìsì, níbi tí mọ́ọ̀pù kò lè dé. Ẹ wo ìlà funfun yẹn: ibi tó bá dúdú ju ìyókù lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi kọ́ìnì kan táìsì yíká. Èyí tó bá dún kólókóló ti ṣí lábẹ́, omi sì lè ti jókòó síbẹ̀.

Láàárín wákàtí 24 sí 48 ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tó tutù, torí náà ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò, kí ẹ gbé e kọ́ fẹ́ńsì níta. Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gbé àga àti kọ́bọ́ọ̀dù dìde, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi nylon wé sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Pákó gidi á wú, á sì tún padà bó bá rọra gbẹ níbòòji. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀, tí ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń ṣe ìdúró TV àti kọ́bọ́ọ̀dù, kì í padà: bí etí rẹ̀ bá ti wú, kò lágbára mọ́, kò sì yẹ kó tún ru táǹkì láéláé. Extension tó mu omi, ẹ sọ ọ́ nù. Ihò iná tí omi kàn, kí oníṣẹ́ iná ṣí i, kó gbẹ ẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí bíréékà tó gòkè.

Ní ọyẹ́, ṣíṣí fèrèsé nìkan lè tó. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lálẹ́ lárọ̀ọ́, fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru ń kó ọ̀rinrin wọlé ni. Ọ̀sán tí oòrùn bá yọ ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ tì í bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Ẹ gbé fáànù onídùúró sílẹ̀ kó máa fẹ́ gba ojú ilẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bí AC bá wà, ẹ ti gbogbo fèrèsé kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn rẹ̀ níta yẹn, láti inú yàrá yín ló ti ń fà á.

Ara ògiri, ọ̀dà tó bá ti wú bí ìléròrò, ẹ ha á kúrò lójú ẹsẹ̀, torí òun ló ń há omi mọ́ inú. Èérú funfun tó ń yọ lẹ́yìn náà, iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, á tún wọlé padà. Èbu tó hù lójú táìsì tàbí lójú ọ̀dà tó ṣì le, ẹ da ìwọ̀n mílílítà 250 bleach sínú omi lítà 4, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ẹ má da fínígà tàbí oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn. Èéfín tó ń jáde nínú wọn ń pa èèyàn.

Ẹ má kánjú kun ilé. Ẹ lẹ nylon tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 lápá kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó tutù tẹ́lẹ̀, kí tépù yí i ká láìsí àlàfo, kí ẹ ṣí i ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìkán omi nínú rẹ̀, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kò tíì gbẹ. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó mu omi dáadáa lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá fi ọ̀dà olóròóró bò ó kí ó tó gbẹ ń ti omi náà lọ sí ibòmíràn ni, ó lè yọ lẹ́yìn ògiri, nínú yàrá kejì.

Fún àwọn tó ń gbé létí ọ̀sà, ní Èbúté, Bàyékù, Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Májídùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi ilẹ̀ ni. Omi tó ń ti abẹ́ ilé gòkè máa ń fa ìlà gbọọrọ sí ara ògiri, a máa mú ju ògiri kan lọ, a sì máa padà wá ní gbogbo ìgbà òjò. Ti táǹkì máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó máa ń dúdú jù ní ibi kan tí táǹkì wà, ó sì ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti da omi inú táǹkì nù. Bí ẹ bá da omi táǹkì nù, tí ògiri kò sì yí padà lẹ́yìn oṣù kan, táǹkì kọ́ ni.

Bí ẹnì kan bá ń gbé nísàlẹ̀

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún wọn kí síílìn wọn tó sọ fún wọn. Dẹ́kìn máa ń mu omi fún wákàtí púpọ̀ kó tó kán, ó sì lè má kán síbi tí táǹkì wà lókè, torí ojú ihò wáyà àti páìpù ló máa ń wá. Kí wọ́n pa iná yàrá náà. Síílìn P.O.P tó ti rọ̀ bò sísàlẹ̀ ru omi púpọ̀, ó sì lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: kí wọ́n kó ọmọ àti ẹrù kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí àgbà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi ohun tó gùn tó mú lẹ́nu lu ihò kan síbi tó rẹ̀ sílẹ̀ jù, kí omi dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì. P.O.P tó bá ti rọ̀ kì í le padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Gígé kúrò ni.

Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Fún ayálégbé, Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi í ṣe ojúṣe rẹ̀ láti tètè sọ fún onílé bí ìbàjẹ́ ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ilé. Bí ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe bá di àríyànjiyàn, Citizens' Mediation Centre ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá aládùúgbò àti onílé parí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí táǹkì tó padà sáyè rẹ̀

Ẹ yẹ ìdúró rẹ̀ wò. Ikán lè ti jẹ inú igi tán kí ojú rẹ̀ ṣì dán. Ẹ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìṣó tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé e ní gígùn àti ní ìbú. Bí apá kan bá fi mìlímítà 3 ga ju èkejì lọ, abẹ́ ẹsẹ̀ ìdúró ni kí ẹ ti fi nǹkan gbé e, kì í ṣe abẹ́ gíláàsì. Táǹkì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì lásán gbọ́dọ̀ jókòó lórí fóòmù funfun tó le, tó nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 10, kí yanrìn kan ṣoṣo má bàa di ibi tí gbogbo ìwúwo ń tẹ̀. Èyí tó ní férémù ike lábẹ́ kò nílò rẹ̀. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó wà, kì í ṣe àárín pálọ̀. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí extension sì kúrò nílẹ̀, kó wà lára ògiri lápá kan. Tíṣù gbígbẹ ni kó wà ní ìdí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí rọ́ọ̀gì tó padà wọlé.